Àwọn Òkúta Borobudur Kò Lè Sá fún Ẹsẹ̀ Wa

Bàtà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bí àwọn àlejò mi nínú ní Borobudur, tẹ́ńpìlì ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní erékùṣù Jáfà, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà. Wọ́n á ti sanwó, oòrùn Jáfà á ti máa mú, tẹ́ńpìlì náà á sì ti wà níwájú wọn gàǹgà. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n hun. Upanat ni wọ́n ń pè é. Ẹnìkan tí mo mú wá láti Yogyakarta níbi tí mò ń gbé bi amọ̀nà wa pé ṣé nítorí ẹ̀sìn ni. Amọ̀nà náà dáhùn pé, "Rárá o, Pak (ìyẹn, ọ̀gá), nítorí iyanrìn ni."

Òótọ́ ló sọ. Òkúta andesite ni wọ́n fi kọ́ Borobudur, òkúta tó ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde. Tí èèyàn bá wò ó, á rò pé kò sóhun tó lè ràn án. Àmọ́ ìsàlẹ̀ bàtà líle máa ń gbé iyanrìn wá láti ìta, tí ẹsẹ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bàtà di ọmọ ọlọ, àtẹ̀gùn di ìyá ọlọ. Ṣáájú kòrónà, àwọn tó ń wá síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Ẹ wo àwọn àtẹ̀gùn náà dáadáa, ẹ ó rí i pé àárín wọn ti jẹ wọnú. Wọ́n fi pákó bo àwọn kan kí jíjẹ náà lè dúró. Ìgbàgbọ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Kunto Bimo: ẹni tó bá na ọwọ́ wọ inú ihò stupa, ilé òkúta tó rí bí agogo, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ère Búdà tó jókòó sínú rẹ̀, ohun tó ń fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, àmọ́ òógùn ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kì í ṣe oore fún òkúta.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé rírìn ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún. Àwọn ọba Sailendra ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, láàárín ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Pèpéle mẹ́sàn-án ni, mẹ́fà onígun mẹ́rin, mẹ́ta róbótó. Àwòrán 2,672 ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀. Ère Búdà 504 ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orí mọ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn inú òkúta yẹn gbọ́dọ̀ rìn yí ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì máa kọjú sí àárín tẹ́ńpìlì. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo wa dúró sísàlẹ̀ títí láé ká máa wò ó lókèèrè, òkúta á ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ìwé náà á di pípadé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní kí wọ́n ti òkè pa pátápátá.

Ẹsẹ̀ wa nìkan kọ́ ló ń pa á lára. Omi òjò ló ti ń bá a jà tipẹ́, tó ń wọ inú òkè tí wọ́n kọ́ ọ lé, tó sì ń ti àwọn ògiri síwá sẹ́yìn. Theodor van Erp, ará Nẹ́dálándì, tún un ṣe láàárín 1907 sí 1911. Láti 1975 títí wọ 1983, ìjọba Indonéṣíà àti UNESCO tú òkúta tó lé ní mílíọ̀nù kan palẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n ri páìpù tí yóò máa fa omi jáde mọ́lẹ̀, wọ́n sì tò ó padà. Nígbà tí òkè Merapi bú gbàù lọ́dún 2010, eérú rẹ̀ bo tẹ́ńpìlì náà. Ásíìdì wà nínú eérú yẹn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi gbá a kúrò. Mo máa ń rántí àwọn tó gbálẹ̀ náà nígbà tí ẹnìkan bá ń kùn pé sálúbàtà ń há òun lẹ́sẹ̀.

Lóṣù kẹfà ọdún 2022, mínísítà Luhut Binsar Pandjaitan kéde pé àwọn ọmọ Indonéṣíà tó bá fẹ́ gun òkè tẹ́ńpìlì náà yóò máa san 750,000 rupiah, owó ilẹ̀ wọn, àwọn àjèjì yóò máa san ọgọ́rùn-ún dọ́là, èèyàn 1,200 péré ni yóò sì máa gùn ún lójúmọ́. Ariwo sọ, Ààrẹ Joko Widodo sì dá ọ̀rọ̀ owó náà dúró. Inú mi dùn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Àárín Gbùngbùn Jáfà lọ́dún yẹn kò ju mílíọ̀nù 1.8 rupiah àti díẹ̀ lọ. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tó ti dàgbà ì bá ná mílíọ̀nù mẹ́ta láti gun ohun tí àwọn baba ńlá ará Jáfà kọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ iléèwé yóò máa san 5,000, ìyẹn dára, àmọ́ ta ló máa san ti ìyá wọn?

Dídín tí wọ́n dín iye èèyàn kù ni wọ́n ṣe dáadáa. Òkúta kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, ìwọ̀n ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ètò tí wọ́n padà ṣe lọ́dún 2023 sàn jù: èèyàn 150 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tòun ti amọ̀nà àti upanat, 1,200 lójúmọ́. Wọ́n fi owó tí èèyàn yóò san láti gùn ún nígbà náà sí 120,000 rupiah fún ọmọ ilẹ̀ náà, 455,000 fún àjèjì. Ẹni tí kò bá fẹ́ gùn ún lè wo ọgbà rẹ̀ ní owó tó dín sí i. Àléébù rẹ̀ kò kọjá pé wákàtí kan kò tó. Amọ̀nà á máa sáré, ẹ ó sì fo ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìgbésí ayé àwọn ará Jáfà àtijọ́ wà: ọkọ̀ ojú omi wọn, ilé wọn, ìlù wọn. Àárín àwọn àwòrán wọ̀nyí náà ni wọ́n ti rí irú bàtà tí upanat fi wá.

Àwọn ará abúlé ló ń hun upanat náà, èyí sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ètò yìí sí i. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọgbà yí tẹ́ńpìlì ká láyé Ààrẹ Suharto, wọ́n kó àwọn ìdílé kan kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nínú àwọn àgbàlagbà. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, tí kò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀, kí ló fẹ́ máa ṣọ́ ọ fún? Mo máa ń mú àwọn àlejò mi lọ sí abúlé Candirejo kí wọ́n sùn níbẹ̀, tàbí lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Karanganyar. Lẹ́yìn náà la ó dé Mendut àti Pawon, àwọn tẹ́ńpìlì kéékèèké méjì tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń gbà kọjá lọ sí Borobudur lọ́jọ́ Waisak, ọjọ́ àjọ̀dún Búdà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n tún fi kún un ni pé nínú àwọn wákàtí ojúmọ́ yẹn, kí wọ́n ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé Magelang, àgbègbè tí tẹ́ńpìlì náà wà, àti àwọn òbí wọn, lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n má sì tà á fún àjèjì kankan, títí kan èmi alára.