Ta Ni Bàbá Kékeré Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún?

Ohun àtijọ́ ni àbúrò mi, Ìyá Ìbejì, ń náwó lé lórí. Òun ló tún pálọ̀ ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe. Ọ̀pá àbẹ́là onídẹ wà lórí tábìlì, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì gba áyọ́ọ̀nù eléèédú Màmá, ó ki òdòdó oníke sínú ẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ. Ọ̀gá gbogbo wọn wá ni dígí tòkúnbọ̀ kan tó gbé kọ́ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà. Igi aláwọ̀ wúrà ló yí i ká, apá idẹ méjì sì yọ síwájú lára rẹ̀, ibi tí wọ́n ń ki àbẹ́là sí. Ọkọ rẹ̀ kò mọ iye tó rà á. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí.

Màmá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Làpálàpá wo ló bo dígí yìí lójú?"

Ó ní kì í ṣe làpálàpá o, ọjọ́ ogbó ni. Ó ní tánńganran àti mákúrì ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dígí nígbà náà, pé ọdún 1835 ni ará Jámánì kan, Justus von Liebig, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń da fàdákà sí i. Ó ní kí iná mànàmáná tó dé, iwájú dígí ni àwọn òyìnbó ọlọ́lá ń tan àbẹ́là sí, kí ẹyọ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì.

Màmá ní, "Ìjẹ̀bú ni wọ́n nìyẹn."

Ọjọ́ kejì Iléyá ni wàhálà dé. Ojúde Ọba ku ọ̀la, ilé kún, aṣọ ẹgbẹ́ wà káàkiri orí àga. Wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Gbogbo wa ń ráhùn, àfi Ìyá Ìbejì tó sáré lọ tan àbẹ́là méjèèjì. Kí n má purọ́, pálọ̀ náà dùn-ún wò.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Kékeré ti Ṣàgámù dé. Wọ́n gbé àgbádá ẹgbẹ́ wọn lé apá, wọ́n sì ti gbàgbé ìgò ojú wọn sínú mọ́tò. Olórí ẹbí là ń retí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, àgbàlagbà kan ló dúró láàárín iná méjì, ó dé fìlà, ojú rẹ̀ ṣú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹríba. Bàbá náà tẹríba.

"Èèwọ̀! Kí ni mo ṣe? Ẹ má gé ẹ̀mí mi kúrú o!" Wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, Bàbá ti pòórá. Wọ́n ń dìde díẹ̀díẹ̀, Bàbá náà ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rín ti gbà wá lóhùn. Màmá nìkan ló rí ẹnu sọ̀rọ̀: "Bàbá Kékeré, ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ nàró, wọ́n á nàró."

Wọn ò gbọ́. Wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n lè gbé Bàbá dìde, ọwọ́ gbá apá idẹ, àbẹ́là yíyọ́ sì dà sórí àgbádá tí wọn yóò wọ̀ lọ síwájú ọba lọ́la.

Ìyá Ìbejì ké pé, "Dígí mi!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Màmá ní kí àbẹ́là náà gbẹ, wọ́n fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n ní ìwé ìròyìn àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni yóò fa ìyókù jáde. Iná dà? Wọ́n nawọ́ sí pẹpẹ, wọ́n da òdòdó oníke nù, wọ́n ko eédú sínú áyọ́ọ̀nù wọn. Bàbá Kékeré ró ìró Màmá, wọ́n kẹ̀yìn sí dígí, wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Àfi ìgbà tí Màmá lọ àgbádá tán tí wọ́n ká a ni iná tó dé. Bàbá Kékeré dìde, wọ́n lọ dúró síwájú dígí, wọ́n gẹ fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ni.