Èwo Lẹ Fẹ́ Fi Jáde? Ìrìn Mi Láti Àbújá Dé Ṣábẹ

Ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ òǹtẹ̀ fún. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó jókòó lẹ́yìn tábìlì ní Chikanda, ẹnubodè Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin, ṣí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó wo fọ́tò, ó wo ojú ọmọ, ó ka lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ kọ láti fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá nawọ́ sí èmi. "Tìyá ọmọ ńkọ́?"

Mo gbé àpò ìwé mi lé tábìlì. Ìwé ẹ̀rí pé mo ti di ọmọ Nàìjíríà ló wà lókè, mo fi ọ̀rá wé e kí òógùn má bàa bà á jẹ́. Ìwé ìgbéyàwó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwé NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún èèyàn, ìwé pélébé tó fi hàn pé wọ́n ti ya fọ́tò mi, wọ́n sì ti gba ìtẹ̀ka mi fún páásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀ Benin mi, àti yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé mo ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan, ó sì tò wọ́n síwájú mi bí ẹni ń pàtẹ ọjà.

"Màdáámù, èwo nínú gbogbo èyí lẹ fẹ́ fi jáde?"

Láti Àbújá ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn. Tí mo bá ní ọmọ Benin ni mí, á béèrè káàdì ìgbélùú tí àwọn ará ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń gbé Nàìjíríà máa ń gbà. Tèmi ti parí láti oṣù Kẹsàn-án. Mi ò tún un gbà, nítorí mo ti búra fún Nàìjíríà nígbà náà, mi ò sì rí ìdí tí n óò tún fi lọ tọrọ ààyè àlejò nínú ilé tí mo ti di ọmọ. Tí mo bá sì ní ọmọ Nàìjíríà ni mí, páásípọ́ọ̀tù dà?

Ṣábẹ ni wọ́n bí mi sí, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin tí àwọn Faransé ń kọ ní Savè, tí àwọn òkè olókùúta dúró tì. Yorùbá ni wá látilẹ̀wá, Oníṣábẹ ni ọba wa. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe lọ́dún 1889 ló fi wá sábẹ́ Faransé, àwa àti Kétu. Ọmọ Ìsánlú ni mo fẹ́, òun ló mú mi wá sí Kúbwà ní Àbújá, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Faransé.

Abala 26 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀ láti di ọmọ orílẹ̀-èdè, bí ó bá dá Ààrẹ lójú pé ọmọlúàbí ni, pé ó ti fi hàn pé Nàìjíríà lòun fẹ́ fi ṣe ibùgbé, tó sì búra. Ní ti ìgbéyàwó, obìnrin nìkan ni abala yẹn wà fún o. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Nàìjíríà, fẹ́ ọkùnrin ará Togo. Ọkọ rẹ̀ kò lè gba ọ̀nà tí mo gbà. Abala 27 ló kù fún un, ìyẹn sì ń béèrè ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo mọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àfi bàbá wọn.

Lọ́jọ́ ìbúra, ohùn mi gbọ̀n. Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ níwájú ogójì ọmọ lójoojúmọ́! Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti lọ san owó páásípọ́ọ̀tù, aláwẹ́ 32, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti náírà 35,000 lọ sí 50,000 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 yẹn. Orúkọ ló dá a dúró.

Ní ilẹ̀ Benin, bí Faransé ṣe ń kọ̀wé la fi ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ìbí. "U" di "ou", "j" di "dj", "ṣ" di "ch". Nínú ìwé ìbí mi, Olatoundji Founmilayo ni mò ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ gba NIN, ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà gbọ́ orúkọ lẹ́nu mi, ó sì kọ ọ́ bí ìyá tirẹ̀ náà á ṣe kọ ọ́: Olatunji Funmilayo. Mo rí i, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí Yorùbá kan tó máa ka méjèèjì tí kò ní mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ̀rọ tó ń fi NIN wé ìwé kò mọ̀. Nítorí rẹ̀ náà ni mi ò fi rí ìwé ìrìnnà ECOWAS gbà, èyí tí à bá fi rọ́pò páásípọ́ọ̀tù fúngbà díẹ̀.

Wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi sí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá.

Àwọn èèyàn gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnì kan ní kí n kàn sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ẹnubodè, pé ọlọ́kadà á gbé mi gba inú igbó kọjá, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é, èmi náà sì ti gbà á rí nígbà tí mo wà lọ́mọge. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkàn mi kọ̀ ọ́. Ọmọ mi á wà lẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà yẹn, pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ nínú báàgì, á máa wo ìyá rẹ̀ tó ń sá fún ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún. Mo lọ tẹ abala 41 nínú òfin ìpìlẹ̀ jáde, èyí tó sọ pé a kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kankan kúrò nílùú, a kò gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́ láti wọlé, a kò sì gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́ láti jáde. Mo ṣẹ́ ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi í sẹ́yìn ìwé ẹ̀rí mi.

A wọkọ̀ ní Jabi ní Àbújá ní ìdájí, a gba Lọ́kọ́ja, a gba Kàbbà, níbi tí ọmọ mi ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kí ara wọn ní "Ọkún o," tí ó sì pariwo pé bí bàbá òun ṣe ń kí ìyá bàbá òun lórí fóònù nìyẹn. A sùn ní Ìlọrin nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ní ọjọ́ kejì a kọjá Kíṣí, a sì bọ́ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá.

Bàbá arúgbó kan, Ìbàrìbá, ló jókòó tì mí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Ó ní Nikki, ní ilẹ̀ Benin, lòun ń lọ kí àwọn èèyàn òun, pé tí àsìkò ọdún Gáànì bá dé òun kì í ṣàìlọ, torí ibẹ̀ ni ọba àwọn wà. Lọ́dún 1894 ni Lugard, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, sáré dé Nikki kí àwọn Faransé tó dé ibẹ̀. Àdéhùn ọdún 1898 ló wá pín Borgu, ilẹ̀ àwọn Ìbàrìbá, Faransé mú Nikki, Gẹ̀ẹ́sì mú Bussa. Mo bi bàbá pé ìwé wo ni wọ́n máa ń fi kọjá. Wọ́n fi káàdì ìdìbò kan tó ti gbó hàn mí, wọ́n ní ojú àwọn ni ìwé àwọn, gbogbo ẹni tó wà ní ẹnubodè ló mọ àwọn. Mo jowú bàbá yẹn.

Òun ti kọjá tipẹ́ nígbà tí mo ṣì jókòó síwájú tábìlì. Òṣìṣẹ́ tó dá mi dúró kò fi ọ̀rọ̀ gún mi. Ó ní òun ò fẹ́ ṣe ohun tí ò yẹ, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ìdúró náà tó wákàtí méjì. Ọmọ mi sùn lórí itan mi.

Ọ̀gá dé, àgbàlagbà tó ń fi ohùn Ìgbómìnà sọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀rí mi sókè, ó gbé NIN sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. "Ola… toun… dji. Ọlátúnjí ni kẹ̀!" Báyìí ni ohun tó ti dá mi dúró ní Àbújá fún oṣù mẹ́ta ṣe tú lẹ́nu ẹnì kan. N kò tíì tú abala 41 jáde tí ó fi ní kí wọ́n gbé ìwé ńlá wá. Ó kọ nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí mi sí i, ó kọ nọ́ńbà NIN, ó kọ déètì. Ó ní, "Níbí yìí, ọmọ Nàìjíríà tó ń jáde ni yín. Lọ́hùn-ún, káàdì Benin yín ni kí ẹ fi wọlé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bọ̀, ibí náà ni kí ẹ gbà, torí ibí la kọ yín sí. Kí ẹ sì lọ tún orúkọ yìí ṣe, torí kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Lọ́hùn-ún kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. A gba Nikki, a gba N'Dali, a dé Parakou, ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a wọ Ṣábẹ.

Ìgbéyàwó dára, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìyá mi ní kí n mú ìwé tí mo gbà wá. Wọn ò mọ̀wé. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì dì í mú ní igun. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Wọ́n gba tiwa lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá bí èèyàn sí, òfin Nàìjíríà kò ní kó sọ ọ́ nù torí pé ó forúkọ sílẹ̀, pé abala 28 ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò bèèrè abala. Wọ́n ní, "Níbo ni orúkọ bàbá rẹ wà níbẹ̀?" Bàbá mi ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Mo mú ìka wọn, mo gbé e lé Olatoundji. Wọ́n fi ìka yẹn tọ lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ara òkúta ibojì rẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ kan náà sí. Wọ́n ní, "Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

Kí n tó kúrò ní Àbújá, mo ti parí ètò láti lọ búra ní kóòtù pé Olatunji ni mò ń jẹ́, kí gbogbo ìwé mi lè bá ti Nàìjíríà mu. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀nà yẹn ló yá jù. Mi ò lè sọ èyí fún ìyá mi. Mo kàn gba ìwé náà padà, mo fi ọ̀rá wé e.

Nígbà tí a ń bọ̀, ọ̀gá yẹn kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ Hausa ló wà nídìí tábìlì. Ó tẹ òǹtẹ̀ fún ọmọ mi, ó gba ìwé ẹ̀rí mi, ó ṣí ìwé ńlá, ó wá orúkọ mi níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i. Mo ní kó jẹ́ kí n pè é fún un. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, "o" àti "u" pọ̀, "d" àti "j" pọ̀, títí ìka rẹ̀ fi dé orí ìlà náà. Ó kọ déètì tí mo wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Barka da dawowa," ó wí, ó sì fún mi ní àpò ìwé mi.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tún NIN ṣe. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo ìwé méjèèjì, ó ní, "Àǹtí, èwo ni ká tẹ̀ lé?" Mo fi ìka tọ́ka sí ti ìwé ìbí. Ó ní ṣé ó dá mi lójú, torí ó máa gùn díẹ̀ sí i, páásípọ́ọ̀tù náà á sì ṣì dúró. Mo ní ó dá mi lójú.