Páwà sọ́pùláì fún Quad 22: kíkùn tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́

Quad 22 ni preamp àtijọ́ tí ń lo fáàfù, ẹ̀rọ tí ń ṣètò ohùn kí ó tó wọ amplifáyà; páwà sọ́pùláì tirẹ̀ ni mo ń kọ́. Apá iná gíga ti parí. Fóòtì 328 ni mítà ń kà lẹ́yìn choke (kọ́ìlì tí ń tẹ́ ìgbì iná), rẹsísítọ̀ tí ń fa iná kúrò nínú àwọn kapásítọ̀ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí n sì wọ̀n ọ́n, kí ọwọ́ mi tó kan ohunkóhun. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀, nítorí iná fílámẹ́ǹtì (wáyà tí ń gbóná nínú fáàfù) ni ó gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi.

Fáàfù EF86 méjì àti ECC83 méjì tí ó wà nínú preamp yìí ń jẹ áńpíà 1 gééré ní fóòtì 6.3. Nígbà tí ó ṣì wà pẹ̀lú amplifáyà Quad II, ara amplifáyà náà ni ó ti ń gba iná, AC (iná tí ń lọ tí ń bọ̀) lásán ni ó sì ń mú fílámẹ́ǹtì gbóná. Èmi ni mo fi dandan lé e pé DC (iná tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) ni mo fẹ́, ni mo bá lo LM317, ẹ̀yà tí ń mú kí fóòtì dúró sójú kan. Ní òru tí mo kọ́kọ́ tàn án, ó dákẹ́ rọ́rọ́, inú mi sì dùn débi pé mo de ìdérí àpótí náà. Ní aago méje alẹ́ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí ilé oyin.

Mo tún wáyà ẹ́ẹ̀tì tò lẹ́ẹ̀mejì. Mo pààrọ̀ EF86. Mo fi kapásítọ̀ kún ti iná gíga, kò yí ohùn náà padà rárá. Mo tilẹ̀ fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ tí aládùúgbò mi fi ń jó irin, títí di ọjọ́ tí ọkùnrin náà rìnrìn àjò tí kíkùn náà kò bá a lọ. Ohun tí ó rú mi lójú ni pé bí ó bá ti di nǹkan bí aago mọ́kànlá òru, á dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí mo ki mítà bọ ihò iná ara ògiri ni ojú mi là: fóòtì 186, ní wákàtí tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. Wáyà fóòtì 9 tí mo ní kí wọ́n wé sórí tiransifọ́mà kò ju 7.3 lọ nígbà náà. Èyí á di nǹkan bí 10.3 ní góńgó ìgbì rẹ̀. Àwọn dáódù bíríìjì, mẹ́rin tí ń sọ AC di DC, á yọ 1.8 níbẹ̀, ìgbì tí ó kù lórí kapásítọ̀ 10,000 µF á sì fa ibi tí ó rẹlẹ̀ jù wálẹ̀ sí bíi 7.7. LM317 ń fẹ́ kí iná tí ń wọlé fi bíi fóòtì 2 ju èyí tí ń jáde lọ, ìyẹn 8.3. Nítorí náà, ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń jọ̀wọ́ ìgbì náà sílẹ̀ lọ bá fílámẹ́ǹtì. Kí ó má baà jẹ́ àròsọ, mo yá fáríàkì kan (tiransifọ́mà tí a lè fi yí fóòtì sókè sódò), mo fi rẹ iná sílẹ̀ sí 186 ní òru tí ohun gbogbo dákẹ́, kíkùn náà sì padà wá.

Dáódù Schottky, irú tí kì í jẹ fóòtì púpọ̀, ni mo rò pé yóò yanjú rẹ̀, nítorí ó lè dá bíi fóòtì kan padà fún mi. Mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ rà ní àkọlé 1N5822, ṣùgbọ́n mítà ka 0.55 lórí wọn. 1N5822 tòótọ́, tí í ṣe Schottky, kì í sábà kọjá nǹkan bí 0.2 lórí mítà. Dáódù lásán ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú orúkọ olórúkọ lára rẹ̀. Ẹ gbé mítà dání lọ sí ìsọ̀, kí ẹ sì wọn ọjà kí ẹ tó sanwó. Àwọn tí mo rà lẹ́yìn náà ka 0.17, kíkùn náà sì lọ ní 186.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ síhìn-ín pé ó parí, àfi ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: 8.6 ni mo ní nísinsìnyí, 8.3 ni ó sì ń fẹ́. Bí iná bá já sí 175, ibi tí mo ti kúrò ni n ó padà sí. Nítorí náà, LM317 yóò kúrò, LM1085 tí kò fẹ́ ju nǹkan bíi fóòtì 1.5 lọ ni yóò rọ́pò rẹ̀, n ó sì tún ihò irin tí ń tú ooru lu nítorí rẹ̀. Ìdérí àpótí náà ṣì wà lórí tábìlì.