Àyẹ̀wò ọdún: agolo fíìmù Bàbá ló gbà á tán

Ẹ kú ìyèdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Kérésì tó kọjá, mo kọ ọ́ síbí pé lọ́dún yìí màá máa jí sáré, màá parí kíláàsì Faransé mi, màá sì dín ẹjọ́ tí mò ń rò lórí òṣèlú kù. Ẹ má bi mí léèrè. Ọdún ti tán, fíìmù tí Bàbá mi fi ya fọ́tò fáwọn èèyàn ló sì gbà á. Bí ẹ bá ní kí n ròyìn oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Keje, ohun tí mo lè sọ kò pọ̀: mo mọ̀ pé òjò rọ̀, nítorí fíìmù ń lẹ̀ mọ́ra wọn, mo mọ̀ pé a san owó ilé-ìwé, nítorí wọn ò dá ọmọ kankan padà sílé.

Oṣù Kẹta ni onílé ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Bàbá ní Òṣogbo ránṣẹ́ pé ká wá kó ẹrù wa. Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù náà, òun ni mo máa ń sá bá nígbàkígbà tí mi ò bá rí nǹkan kọ. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, kò sẹ́ni tó ṣí dáàkìrúùmù yẹn, yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò. Onílé ò ṣe wá níbi, ó ti mú sùúrù púpọ̀. OníPOS kan ló kó owó ọdún méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò tún fi ti òkú ṣe? Bọ̀ọ̀dá wa àgbà gbé fáànù. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní kí wọ́n bá òun tọ́jú aṣọ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ya òkun àti ọkọ̀ òfúrufú sí. Èmi tí mo ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n kó agolo. Àwọn jogún ẹrù, èmi jogún iṣẹ́.

Agolo bisikíìtì ni, àwọn ńláńlá ayé àtijọ́, Bàbá sì ti fi ọ̀rá wé òmíràn kí atẹ́gùn má bàa wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ṣí ọ̀kan ní pálọ̀, Bàbá Ìbùkún pariwo láti yàrá pé ta ló ń ṣe sàláàdì. Imú ẹ̀ ò tàn án jẹ, fínígà ló ń rùn lóòótọ́. Fíìmù ayé ìgbà yẹn, ásítéètì ni wọ́n fi ṣe é. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a fínra pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí tú ásíìdì jáde, ásíìdì yìí náà ni yóò sì máa jẹ ìyókù lọ, pàápàá bí kò bá ríbi jáde. Fíìmù á sún kì, ojú ẹ̀ á hunjọ. Mo tú gbogbo wọn sínú àpòòwé pépà, mo sì ya àwọn tó ń rùn sọ́tọ̀. Bàbá Ìbùkún ní kí n ya ara mi sọ́tọ̀ pẹ̀lú wọn.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń fi sísọ fíìmù di fọ́tò orí kọ̀ǹpútà jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ṣírò iye tí wọn yóò gbà lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó fi iye tó wà nínú agolo sọ ọ́ di púpọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo gbé ẹrù mi. Ní báyìí, inú mi dùn pé owó ò sí. Àjèjì lè bá èèyàn ṣe é kó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn lápá ọ̀tún yẹn ni ẹ̀gbọ́n Bàbá tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ nílé wa. Mímọ ẹni tó wà nínú fọ́tò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìyókù, ẹ̀rọ ni.

Ẹ̀rọ ọ̀hún náà ò sì le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Skánà ọ́fíìsì ò wúlò fún fíìmù, nítorí orí pépà ló ń tan iná sí, ohun tó bá tàn padà ló ń kà. Fíìmù ní tiẹ̀ fẹ́ kí iná gba inú òun kọjá. Èyí tó ní iná nínú ìdérí wà, Epson V600 ni orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè, àmọ́ nígbà tí mo ṣírò owó ẹ̀ sí náírà, mo rántí pé mo ní kámẹ́rà. Àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ nígbà tó ra tuntun. Fótógíráfà ṣọ́ọ̀ṣì wa yá mi ní lẹ́ǹsì tó lè wo nǹkan kékeré láti ìtòsí. Pátákó iná pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé fi ń da àwòrán kọ ni mo tẹ́ sábẹ́ fíìmù. Power bank ń gbé e, NEPA ò rí mi mú. Ẹ má fi ojú fóònù ṣe iná yìí o: gbogbo ẹyọ kéékèèké tó wà lójú ẹ̀ ni yóò jáde sára fọ́tò.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni ti dígí. Ẹ fi dígí kékeré síbi tí fíìmù máa wà, ẹ yọjú wo inú kámẹ́rà. Bí lẹ́ǹsì bá rí ara ẹ̀ ní àárín gbùngbùn, kámẹ́rà ti tọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igun kan fọ́tò á mọ́ kedere, ìkejì á ṣe bàìbàì. Dígí àtíkè mi ni mo lò, ìyẹn náà ò tíì padà sínú báàgì mi. Lẹ́yìn náà, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà á, kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n ọ́n.

Fíìmù ní ojú méjì, ọ̀kan ń dán, ọ̀kan kò dán. Bí ẹ bá dojú ẹ̀ dé, ọ̀tún á di òsì. Bí pátákó bá wà nínú fọ́tò, ẹ ó ka lẹ́tà, ó tán. Níbi tí kò bá sí pátákó, ẹ wo ọwọ́. Mo rí ìgbéyàwó kan tí gbogbo ìdílé ọkọ ń fi ọwọ́ òsì na ẹ̀bùn sí ìyàwó. Ní Òṣogbo, lójú àgbà! Mo yí i padà kíá. Mọ́tò ni kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí ní Nàìjíríà, nítorí náà bí mọ́tò bá wà lápá òsì, bóyá fíìmù dojú dé, bóyá ó ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà àti èmi bá ara wa fà á lórí fọ́tò títì kan títí ilẹ̀ fi ṣú, lórí fóònù, pẹ̀lú káàdì mi.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo rò pé fọ́tò aláwọ̀ ni yóò rọrùn. Irọ́ ni. Sílífà ló wà nínú dúdú-àti-funfun, ó sì dúró ti Bàbá gbágbáágbá. Aláwọ̀ ní tiẹ̀, nínú àwọn pépà ìgbà yẹn, èyí tó sún mọ́ búlúù ló máa ń tètè ṣá, kí ẹ tó ṣẹ́jú, pupa ló kù. Aṣọ ẹbí búlúù tí wọ́n rà fún ìsìnkú Màmá Àgbà ní 1983 ti di àlàárì. Màmá ní bí òun bá mọ̀ ni, òun ò bá má ti san owó aró. Ìbùkún ló fi darktable, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, sí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀fẹ́ ni, apá kan sì wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ negadoctor, òun ló ń bá wa yọ àwọ̀ ọsàn tó bo fíìmù aláwọ̀. Sùúrù tí ọmọ náà fi kọ́ mi, àrífín pọ̀ nínú ẹ̀. Ní ti eruku, iná infrared (èyí tí ojú èèyàn kò lè rí) tí àwọn skánà olówó ńlá fi ń dá a mọ̀ kò ríran lórí dúdú-àti-funfun, sílífà dí i lójú. Ọwọ́ la fi ń ṣe é, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nínú ọyẹ́ yìí.

Àwọn fọ́tò tó ti wà lórí pépà, skánà ọ́fíìsì tó fún wọn, 600 dpi (ẹyọ 600 nínú ínṣì kan). Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha á. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì rántí ẹ̀yìn fọ́tò. Òǹtẹ̀ Bàbá wà lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, ìjọba ló sì ń yí i padà fún un: Western State láti 1967, Oyo State láti 1976, Osun State láti 1991. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ojúlé kan náà, òun ò sún kúrò lórí àga ẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí ti yanjú ìjà tó pọ̀.

Ohun tí òǹtẹ̀ ò bá mọ̀, Màmá mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a. Ojú èèyàn ti ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, ó pe bọ̀ọ̀dá wa àgbà ní orúkọ àbúrò tiẹ̀ lójúkojú. Ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ hàn án! Á sọ iye tí wọ́n rà á, á sọ ẹni tó kò láti san. "Léèsì Údójì nìyẹn," èyí tí wọ́n fi owó oṣù tí ìjọba fi kún rà, ó tán, a ti wà ní 1975 nìyẹn. Irun náà bẹ́ẹ̀. Ojeikere, fótógíráfà tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí nítorí fọ́tò irun, 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn níbí. Nínú agolo Bàbá, irun onílé gogoro pọ̀ lọ jàra, àmọ́ kò sẹ́ni tó torí irun wá. Fọ́tò Ìléyá ni wọ́n wá yà, irun bá wọn wá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo ti ń yípo láti òkè.

Fọ́tò èmi àti Táyé, èyí tó wà lókè tẹlifíṣọ̀n Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n, mo máa ń gbé e síbí lọ́jọ́ ìbí wa. Ẹ sì mọ̀ pé Táyé ò lo ọdún kan láyé. Ọmọ méjèèjì tó jókòó lórí ẹní yẹn, èmi ni. Kì í ṣe ilé wa nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn fótógíráfà Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á ya ọmọ náà nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin.

Oṣù Kẹjọ ni mo bá fíìmù ẹ̀ pàdé, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà, Yashica Bàbá. Mo sọ dúdú di funfun, ọmọ kan jáde. Sọ́kì òsì ẹ̀ ti wálẹ̀, ẹnu ẹ̀ là díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣófo. Ní etí fíìmù, níbi tí Bàbá ti gé kúrò nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago tẹ́ẹ́rẹ́, ó di ẹ̀yìn aṣọ ọmọ náà mú. Mo mọ aago yẹn. Nínú dáàkìrúùmù, Bàbá fi káàdì dúdú bo ìdajì pépà, ó tan iná, ó tún bo ìdajì kejì. Mo lọ gbé ti orí pépà wò: ìlà ẹní ò bára dọ́gba ní àárín, sọ́kì òsì Táyé náà wálẹ̀.

Màmá wò ó pẹ́. Ó ní, "Bàbá yín fẹ́ yà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkínní yàtọ̀ sí ìkejì. Kẹ́hìndé, ìwọ ni o ò gbà. O ké, o fi àtàrí kàn mí nímú. Ẹ̀ẹ̀kan náà la rí gbà lọ́wọ́ ẹ." Ó ní kí n lọ gbé ẹ̀wà kaná. Mo gbé ẹ̀wà kaná. Mo jẹ tèmi, mo jẹ ti Táyé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà. Dókítà tó ní kí n dín epo kù, mo ní kó lọ kọ́kọ́ bá ìkejì mi sọ ọ́.

Orúkọ fáìlì ló wá dá mi dúró. Mo kọ ọ̀kan, mo pa á rẹ́. Màmá ló dájọ́: "Àwọn ìbejì, Òṣogbo, 1975." Ti fíìmù àti ti pépà, orúkọ yẹn ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ fótógíráfà wa, tí kò tíì fi ọlọ́pàá wá lẹ́ǹsì ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi: ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Manchester, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mi, ọ̀kan nínú hard disk tí mo fi owó bàtà ọdún rà. Bọ̀ọ̀dá wa àgbà ní kí n pa fọ́tò tó fi wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgẹ̀rẹ̀ rẹ́. A ṣì ń ná an. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó ń rùn ni màá kọ́kọ́ mú, bí wọ́n bá dúró dè mí. Òmíràn ti hunjọ débi pé mi ò mọ̀ bóyá màá rí nǹkan yọ nínú ẹ̀, àmọ́ màá gbìyànjú.

Púpọ̀ nínú àwọn tó wà nínú agolo ò tíì ní orúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ya fọ́tò ní Òṣogbo kí ọdún 1990 tó dé, tàbí tí òbí yín yà á, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ sọ irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Màmá ò ní bi yín ní nǹkan míì.