Wọ́n kó àwa ọmọdé sínú líìgì àwọn baba ọlọ́mọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣọ́lé nínú líìgì tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wá. Ẹgbẹ́ àgbà kan ló ni wá, wọ́n sì forúkọ wa sílẹ̀ ní Nigeria National League, líìgì kejì lórílẹ̀-èdè wa, kí egungun wa lè le díẹ̀ ká tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Kò sí ẹni tó pé ọdún 20 nínú wa. Mo lè fi ìyẹn búra fún sáà àkọ́kọ́. Ti sáà kejì, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Eré àkọ́kọ́, ìlú onílùú la lọ. Kọ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà, àtàmátàsé wọn kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun wá dúró tì mí. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, "Àbúrò, báwo ni? Màmá ńkọ́?" Ibi tí mo ti ń wá ohun tí màá fi dá a lóhùn, ó ti fi bútù tẹ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù dé, mi ò lè fò. Góòlù. Mo sáré tọ rẹfirí lọ, rẹfirí ní kí n padà sílé mi. Ọkùnrin yẹn gbá mi léjìká pẹ́pẹ́. "Má bínú, àbúrò. Ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́."

Góòlù mẹ́rin ló wọlé mi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́ta yẹn ló bá mi délé. Láti kékeré la ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mọ́nkí póòsì ládùúgbò, ìdíje ọdún Ìléyá, ìdíje ọdún Kérésì. Ẹni tí wọ́n bá nà á lọ jẹun, ó sùn. Níbí, owó tí wọ́n máa fún un bí wọ́n bá borí, owó ilé ìwé ọmọ ẹnìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó lè fi ìyẹn kọ́ ọmọdé láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé ó dáa kí wọ́n kó ọ̀dọ́ sáàárín àgbà. Ohun tí wọ́n bá wá ń wò lára ọ̀dọ́ náà lọ́rọ̀ wà.

Nígbà tá à ń padà bọ̀, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú kóòṣì wa. Ó fa ìwé kan yọ, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kà á fún mi: "Kọ́nà mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lo jáde wá bá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lo jókòó sílé bí ìyàwó tuntun. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fẹ́. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, èmi ni màá dáhùn." Mo yọjú wo ìwé náà. Kò kọ iye góòlù síbẹ̀ rárá. Ti ọmọ tó ń gbá àárín fún wa, iye ìgbà tó wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kọ.

Nígbà tá a gbá eré kọkànlá, kọ́nà mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà, mo jáde lẹ́ẹ̀mẹfà, mo mú mẹ́rin. Wọ́n nà wá ní 2-0. Mi ò rò pé mo tún gbá bọ́ọ̀lù tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí onírùngbọ̀n yẹn wá sí pápá tiwa, ó tún bi mí nípa màmá mi. Mo gbé orúnkún sókè, mo fo bọ́ọ̀lù mú lórí rẹ̀. Ó dìde nílẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó ní, "Àbúrò ti dàgbà."

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ti yanjú ọ̀rọ̀ tábìlì líìgì kí ọmọ kankan tó wọ pápá. Ní Holland, láti 2013 ni Jong Ajax, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Ajax, ti wà ní líìgì kejì. Òfin ò gbà pé kó gòkè sí líìgì àkọ́kọ́. Ní 2018, òun ló gba ife líìgì náà, kò sì kúrò lójú kan. Ta ló bìkítà? Matthijs de Ligt àti Frenkie de Jong ti kọjá níbẹ̀, nígbà tó sì máa fi di 2019, àwọn méjèèjì wà lára Ajax tó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní Champions League, de Ligt tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 ni balógun wọn. Ní Íńdíà, àjọ bọ́ọ̀lù wọn dá Indian Arrows sílẹ̀ ní 2010, ọmọ ilẹ̀ wọn nìkan, wọ́n fi í sí I-League, wọ́n sì ní kò ní já bọ́ sí líìgì ìsàlẹ̀ láé. Wọ́n pa á tì ní 2013, wọ́n jí i dìde ní 2017 fún àwọn ọmọ tó gbá ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ nílé wọn, wọ́n tún pa á tì ní 2022. Tèmi ni pé ti Íńdíà yẹn ti rọ̀ jù. Ẹni tí kò lè já bọ́, báwo ló ṣe máa mọ ìdí tí onírùngbọ̀n fi ń tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀? Lọ́dọ̀ wa níbí, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tó gba ife NPFL, líìgì tó ga jù lórílẹ̀-èdè wa, lọ́dún 2025, ní Beyond Limits, àwọn ọmọ tó ti ń bá àwọn àgbà figẹ̀ wọngẹ̀ ní líìgì kejì. Ó ṣeé ṣe, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Sáà kejì wa wá dé. Lẹ́yìn bíi ìdajì sáà, a wà nísàlẹ̀ tábìlì, ẹ̀rù jíjá bọ́ sì ba àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó "àwọn ọmọ tuntun" márùn-ún dé sí kámpù. Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, 18. Ọ̀kan nínú wọn ń fi fóònù bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ kí ọmọ náà tó sùn. Ọjọ́ tá a tún pàdé onírùngbọ̀n, ó rí òmíràn nínú wọn, ó dì mọ́ ọn gbàgì, ó ké: "Ọmọ kíláàsì mi!" Gbogbo wa dojú bolẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé bẹ́ńṣì ni mo wà, òun ló wà nínú pápá.

A ò já bọ́. Kóòṣì wa kó ìwé rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú àwa mọ́kànlá tá a bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́ta la ṣì ń fojú kan pápá nígbà tí sáà parí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé ọjọ́ orí, ẹ rántí pé láti ife àgbáyé ọlọ́dún 17 ti 2009, tó wáyé ní Nàìjíríà wa níbí, ni FIFA ti ń fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ egungun ọrùn ọwọ́ wò. Ọwọ́ yín ló máa tú yín fó.)

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bá wá mú ọmọ yín, ẹ má bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà lórí tábìlì. Ẹ bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ni àwọn ọmọ tí kò tíì pé 19 lò lórí pápá ní sáà tó kọjá. Bí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀n-ẹ̀n, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ti ìwé kíkà, màmá mi ti béèrè nígbà yẹn: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù kiri yìí, ta ló ń kọ́ yín níwèé?" Mo bínú sí i. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe Ìṣirò ní WAEC, bọ́ọ̀sì wa ti dẹnu kọlẹ̀ sí Ọ̀rẹ̀, èmi àti àwọn méjì míì tó yẹ ká wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò jókòó sẹ́bàá títì, à ń jẹ búrẹ́dì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó lọ tún un ṣe.

Ti ìwé àdéhùn, ẹ fara balẹ̀. Òfin FIFA ò gbà kí ẹni tí kò tíì pé 18 fọwọ́ sí ohun tó ju ọdún mẹ́ta lọ. Kò sì gbà kí ẹgbẹ́ òkè òkun rà á, àyàfi láwọn ọ̀nà díẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó tán, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà máa ń padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ nígbà tó wà láàárín ọmọ ọdún 12 sí 23. Ká ní mílíọ̀nù kan Yúrò ni, 50,000 Yúrò nìyẹn, ẹgbẹ́ kékeré àdúgbò yín lè rí tirẹ̀ níbẹ̀ bí orúkọ ọmọ bá ti wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ́ǹtì kan sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kankan rí. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́. Kóòṣì tó ra bútù àkọ́kọ́ fún un ń gun ọ̀kadà lónìí.

Èmi ò rí òkè òkun lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn aṣọ́lé kékeré, mo sì ra ìwé tèmi náà, tó ní ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n nà wá ní 4-1. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pẹ́ dé, ó ní, "Kóòṣì, báwo ló ṣe parí?" Mo ṣí ìwé. Mo ní, "Kọ́nà méje, ọmọ yín jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún." Ó pòṣé. "Góòlù mélòó ni mo ní!" Mo ní mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ kí ìyẹn lè sọ ọ́ fún un, àmọ́ ọmọ náà ti rọra sún mọ́ mi, ó ń yọjú sínú ìwé, ó ń wá ẹ̀ẹ̀mejì tí òun ò jáde.