Jẹ́lé-ó-Sinmi: Ilé Sinmi, Àǹtí Ńkọ́?

Jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pe iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké. Ilé ń sinmi lóòótọ́. Àǹtí tí wọ́n kó ọmọ fún ni kò rójú sinmi.

Ariwo ọmọdé nìkan kọ́ ló ń tán wọn lókun. Tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì á kọ́ ìṣẹ́jú ogójì, á jáde ní kíláàsì, á lọ jókòó. Ti nọ́sìrì kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára ọmọ ọdún mẹ́ta láti àárọ̀ títí wọ́n á fi wá mú un lọ sílé, torí ọmọ tó fẹ́ ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ imú kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń mú ìtọ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì ń sá fún omi mímu kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n. Àìmu omi ní tirẹ̀ á mú orí fọ́, á gbẹ ọ̀fun, ohùn á há.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní kí olùkọ́ nọ́sìrì kan máa mójú tó ọmọ 25. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á lanu sílẹ̀: lọ́dọ̀ wọn, ọmọ 3 ni fún òṣìṣẹ́ kan bí wọn ò bá tíì pé ọdún 2, ọmọ 5 ni bí wọ́n bá jẹ́ ọlọ́dún 2. Ẹni tó ń dá wo ọgbọ̀n ọmọ láìsí nánì, kò yẹ kó máa bi ara rẹ̀ pé kí ló ń rẹ òun tó báyìí.

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ lọ́rùn èèyàn ló ń fà á. Àmì mẹ́ta ló ní: okun á tán, iṣẹ́ á sú èèyàn, á sì máa rò pé ohun tóun ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. Èyí àárín ni kí ọ̀gá iléèwé máa ṣọ́. Àǹtí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀, tó wá ń pàṣẹ láti orí àga, kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ bí ọ̀gá ṣe ń rò.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ so kíláàsì méjì pọ̀. Lásìkò ìpápánu, tí gbogbo ọmọ jókòó lójú kan, Àǹtí kan á wo kíláàsì méjèèjì, èkejì á jáde lọ tọ̀, á mu omi, á jókòó síbi tí kò sí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pààrọ̀. Ẹ má fi sí àkókò ìlọlé, torí géètì ti ṣí nígbà yẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú táìmùtébù. Èyí tí a fẹnu lásán sọ kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń parẹ́.

Bí àwọn ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, ìgbà náà ni kí Àǹtí kan kọ lẹ́sìn nóòtì kí èkejì máa ṣọ́ wọn. Nóòtì tí wọ́n bá gbé lọ sílé, oorun ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpè òbí ní aago mẹ́wàá alẹ́ lórí bíró tó sọnù (ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́).

Ní ti ohùn, ẹ má pariwo borí ariwo. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn ọmọ dá a padà, tàbí kí ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Bí inú bá ru nítorí ọmọ tó gé ẹlòmíì jẹ, ẹ kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì, kí ẹ sún ẹ̀yìn díẹ̀, kí ẹ fa èémí sínú bí ẹ ṣe ń ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ mí jáde bí ẹ ṣe ń ka ení dé ẹ̀fà, lẹ́ẹ̀mẹta.

Àmọ́ bí oorun bá dá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ èèyàn mọ́, ó ti kọjá ohun tí họlidé lè wò. Ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ló kàn: Aro wà l'Ábẹ́òkúta, ti Yábàá wà l'Ékòó, UCH náà wà n'Ìbàdàn. Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù orúkọ Aro bíi pé wọ́n á ti èèyàn mọ́lé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rí dókítà tí wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó kú, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì rárá. Kó sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà, kí onítọ̀hún sì bá a dé ọsibítù.