Kílọ́ọ̀ṣì Tí Kò Tíì Gbó

Sátidé, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn ọ́ìlì gíà, bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tó náà nìyẹn. Gbogbo ẹ̀yìn ló ń ro mí. Àmọ́ ọkọ̀ ti dúró lórí taya rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ti rìn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ, torí ohun tí mo bá nínú ọkọ̀ yìí lónìí kọ́ ni ohun tí mo rò pé màá bá.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yìí, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíà, ti ń yọ̀, tí kì í di ẹ́ńjìnnì mú mọ́. Kì í yọ̀ nígbà tí mo bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìlú o. Ojú ọ̀nà tó gùn ló ti ń fi ara rẹ̀ hàn: mo wà ní gíà kẹrin, mo tẹ tọ́rọ́tù, pẹ́dàlì eré, mọ́lẹ̀, tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì gba atẹ́gùn, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì sì fò láti 3,500 sí 5,000, èyí tó ń ka eré dúró gbagidi. Ariwo pọ̀, ìrìn ò sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn yẹn á wá wọlé. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó rí kò nílò kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún òun.

Ta ló fà á? Èmi náà ni. Nígbà tí ọkọ̀ yìí jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe é, 280 Nm ni agbára ìyípo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú wá. Mo pààrọ̀ síléńsà, mo fi intercooler, ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù, tó tóbi sí i, wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tò, ó sì lé ní 400 Nm lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì. Mo fi bébà ìwọ̀n náà han gbogbo ẹni tó fẹ́ wò ó àti ẹni tí kò fẹ́. Mi ò rántí pé gbogbo agbára yẹn, awo kan pẹ́rẹ́ nínú kílọ́ọ̀ṣì ló máa gba ara rẹ̀ kọjá kó tó dé taya.

Bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń di nǹkan mú ò le rárá láti lóye. Bí sípíríǹgì préṣọ̀, irin tó ń tẹ awo, ṣe fún awo náà mọ́ fíláíwíìlì, irin roboto tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, tó, bí ojú awo ṣe ń mú irin tó, bí awo náà ṣe fẹ̀ tó, àti iye ojú tó ń kan irin: ohun tó wà níbẹ̀ ò ju mẹ́rin yìí lọ. Fífẹ̀ ò ṣeé fi kún, àyè ò sí nínú ilé rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje máa ń lo awo méjì, ojú tó ń kan irin á wá di mẹ́rin dípò méjì, ohun tó lè dì mú á sì di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé sípíríǹgì le sí i. Owó rẹ̀ ni ò jẹ́ kí n wo apá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ ni awo tí ojú rẹ̀ pín sí ègé mẹ́fà, tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì ṣe ojú náà. Sẹ̀rámíìkì máa ń fara da ooru, ó sì máa ń gbá irin mú gírí. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀, kò mọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo wa ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní irú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde kúrò níbi tó gbé e sí. Nígbà tí mo wá jáde, ọkọ̀ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láti iná dídarí kan dé èkejì. Ọkọ̀ tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ nìyí, lójoojúmọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo padà ra awo tí ìbora rẹ̀ dà bíi ti ilé iṣẹ́, tó sì ní sípíríǹgì kéékèèké láàárín tí ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, pẹ̀lú préṣọ̀ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. 500 Nm ni àwọn tó ṣe é sọ pé ó lè gbé. Ẹsẹ̀ òsì mi ló máa san ìyókù.

Àbúrò mi ló bá mi ṣe é. Aago méje àárọ̀ la ti gbé ọkọ̀ sókè. Bátìrì, páìpù atẹ́gùn, sítátà, irin tó ń lọ sí taya méjèèjì, gbogbo rẹ̀ bọ́ láìjà. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, gíábọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀.

Mo ti múra sílẹ̀ láti rí awo tó ti jẹ tán, tí irin ń ha irin. Mo tú bóòtù préṣọ̀ tó kẹ́yìn, awo já sí mi lọ́wọ́, mo gbé e sún mọ́ iná. Ìbora rẹ̀ ṣì nípọn. Orí àwọn rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó di ìbora mú, ṣì rì sínú dáadáa, ó ku púpọ̀ kí wọ́n tó yọjú. Àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bíi dígí. Mo fi èékánná ha á, èékánná yọ̀ kọjá láìfi àpá sílẹ̀. Lára fíláíwíìlì náà, àwọn àmì búlúù kéékèèké tò yíká níbi tí ooru ti sè é.

Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Bọ̀dá mi, eléyìí ò tíì gbó o."

Mo ní, "Kò gbó. A dẹ́rù pa á ni."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pe kílọ́ọ̀ṣì yẹn ní ògbólógbòó, tí mo ń sọ fún èèyàn pé ti ilé iṣẹ́ ò dáa. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́ látọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo yí iṣẹ́ padà tí mi ò sọ fún un. Mo jókòó sórí taya, ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí gbogbo wa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ ẹni méjì tó lọ lé e lórí. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. Mi ò rò ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, fíláíwíìlì ń dúró dè mí.

Fíláíwíìlì ti àkọ́kọ́ jẹ́ irin wúwo méjì tí sípíríǹgì wà láàárín wọn, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì má baà dé inú gíà. Mo fi èyí tó jẹ́ irin wúwo kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Bóòtù tuntun ni mo lò, torí wọ́n máa ń fà díẹ̀ nígbà tí a bá fún wọn, a kì í lò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: 60 Nm ni ìwé ọkọ̀ mi ní kí n fi fún wọn, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́rin àyípo kan lé e. Mo pààrọ̀ béárìn tó ń ti préṣọ̀ náà, ti tẹ́lẹ̀ ì báà ṣì dáa. Ta ló máa tún sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí béárìn?

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí. Ọ̀pá oníke kan wà tó máa ń di awo mú sáàárín gbùngbùn títí a ó fi fún préṣọ̀ tán. Mo fún bóòtù méjì, mo yọ ọ̀pá náà kí n lè yọjú wò bóyá ó dọ́gba, mo wá fún ìyókù. A gbé gíábọ́ọ̀sì. Ó wọlé, ó wọlé, ó sì dúró nígbà tó ku àlàfo ìka méjì. A mì ín, a yí i, mo fi àyà gbé e, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Ìṣẹ́jú ogójì. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fi bóòtù fà á wọlé." Ó ti mú sípánà dání pàápàá. Mo kọ̀. Bóòtù á fà á wọlé lóòótọ́, àmọ́ ó lè ṣẹ́ àárín awo po, ó sì lè la ilé gíábọ́ọ̀sì, ìgbà tí ọkọ̀ bá sì ń rìn la máa tó mọ̀.

A sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tú préṣọ̀, mo ti ọ̀pá oníke náà bọ̀ ọ́, mo rí i tí awo gbéra díẹ̀ sókè. Kò tó mìlímítà kan. Mo fún bóòtù ní ọ̀kánkán ara wọn, díẹ̀díẹ̀, mi ò sì fọwọ́ kan ọ̀pá títí èyí tó kẹ́yìn fi wọlé. A tún gbé gíábọ́ọ̀sì. Ó wọlé pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo, kọ́ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sínú ọ́ìlì.

Pẹ́dàlì wúwo, kì í ṣe díẹ̀. Bí mo bá dúró tí gíà ò sí nínú rẹ̀, nǹkan kan á máa ró gbàràgbàrà lábẹ́ mi bíi agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀, torí kò sí sípíríǹgì nínú fíláíwíìlì tó ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra mọ́. Tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á dákẹ́. Mo jókòó níwájú ilé, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń tú u sílẹ̀, bí ọmọdé. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Mo ní rárá, bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn. Kò gbà mí gbọ́.

800 kìlómítà ni mo gbọ́dọ̀ fi rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kí ojú awo àti irin tó mọ ara wọn, láìtẹ tọ́rọ́tù délẹ̀ rárá. Mo ti rin 23. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ ní alẹ́ yìí, ọkọ̀ kan tó ti gbó ju tèmi lọ yà mí sílẹ̀ lórí òkè, ó ń tú èéfín. Mo fi ẹsẹ̀ mi sí ibi tó wà.